Ogójì Ike, Ìgbẹ́ Ọmọ Kan

"Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ má sì tíì dé fìlà yẹn fún mi. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún mẹ́ta. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mo mọ ara mi, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ títí wọ́n á fi sin mí."

Bí Ọláolú ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Akpakpa, níbi tí àwọn ọmọ Òkè-Ìgbín tó ń gbé Kútọnu ti ń ṣèpàdé oṣooṣù wọn. Àwọn èèyàn rò pé àgbà ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tiẹ̀ pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Dókítà wa, ẹ̀yin lẹ tọ́ sí i!" Ẹ wò ó bó ṣe dúró níwájú pátákó, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, nínú bùbá funfun tí ìyàwó rẹ̀, Fọláṣadé, lọ̀ títí tó fi le gbandi, bàtà ń dán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ikùn ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Irú ọkùnrin tí ẹ̀yin náà máa dìde fún lórí àga bó bá wọlé. Ṣíọ̀! Ẹ ò bá jókòó yín jẹ́jẹ́.

Kì í ṣe ọmọ Òkè-Ìgbín. Pọ̀bẹ̀ ni wọ́n bí i sí, lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Lójú tirẹ̀, àwọn tó ń gbé orí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣábẹ̀ lọ́hùn-ún kò tíì di èèyàn tán. Kì í sì í ṣe dókítà. Akọ̀wé ni ní bùró ìlera kan ní Kútọnu. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó kọ orúkọ sínú ìwé kó sì lu òǹtẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní agbolé tó ń gbé ní Agblangandan, nítorí báàgì aláwọ dúdú kan tó máa ń gbé sábíyá lọ síbi iṣẹ́, gbogbo ayálégbé ń pè é ní Dókítà, òun náà sì ń dáhùn. Ogún ọdún ló fi dáhùn. Kò sí ọjọ́ kan tó sọ fún wọn pé, ẹ jọ̀ọ́, akọ̀wé ni mí.

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni ọ̀wọ́n lójú àwọn ará Òkè-Ìgbín ni ọ̀rọ̀ Àdùní. Ọ̀dọ́bìnrin ni Àdùní, ọmọ bíbí Òkè-Ìgbín, ó ń ta ata àti tòmátì ní ọjà Gbégamey, yàrá kan ló sì ń gbé nínú agbolé kan náà pẹ̀lú Ọláolú. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ọpẹ́olúwa, kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọláolú ló sáré sókè sódò. Òun ló wá mọ́tò, òun ló wá pósí, òun ló gbé òkú ọmọ náà dé ẹsẹ̀ òkè. Àwọn ará ilé ò gbàgbé. Wọ́n ní irú èèyàn báyìí ṣọ̀wọ́n, ẹ jẹ́ ká fi í ṣe Bàbá Ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n ra fìlà olówó ńlá, wọ́n fi ọ̀rá wé e sórí tábìlì olùkọ́.

Kí wọ́n tó dé fìlà náà ni wọ́n ka lẹ́tà kan tó ti ilé wá. Àwọn ìyá lókè ló kọ ọ́. Wọ́n ní aràn ń jẹ àwọn ọmọ àwọn lójú ayé, ọmọ márùn-ún ti kú láàárín ọdún méjì, bùró ìlera kò sì kó oògùn aràn dé ọ̀dọ̀ àwọn rí, bẹ́ẹ̀ gbogbo abúlé tó yí àwọn ká ló ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àwọn bá béèrè, wọ́n á ní ìwé sọ pé kò sí aràn ní Òkè-Ìgbín. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n máa pa ìwé orúkọ tuntun ti àwọn abúlé tó máa gba oògùn dé, ó tún di ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó ṣí i. Alága ẹgbẹ́ náà, Tíṣà Búrẹ́mọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ká lẹ́tà náà, ó sì ní: "Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a máa bẹ Bàbá Ìsàlẹ̀ wa nìyí. Bùró náà kúkú ni ti wọn. Kí wọ́n bá wa fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì bá wa gbé e dé iwájú ọ̀gá wọn."

Kí lẹ rò pé ó kọ́kọ́ wá sí Ọláolú lọ́kàn? Pé kó gba lẹ́tà náà, kó rẹ́rìn-ín músẹ́, kó fọwọ́ sí i níṣojú gbogbo wọn, kó sì fi dáná nílé. Ohun tó rò nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ rò pé ó ṣàdédé di èèyàn rere. Àdùní ni wọ́n ní kó gbé lẹ́tà náà fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ eléruku, ó ní: "Bàbá Dókítà, Ayọ̀bámi, àbúrò olóògbé, ṣì wà lókè lọ́dọ̀ màmá mi. Wọ́n ní inú rẹ̀ ti ń wú." Ọláolú nawọ́, ọwọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ ìwé. Ibẹ̀ ló ti dìde, tó sì ní kí wọ́n má pàtẹ́wọ́.

"Ìwé tó sọ pé kò sí aràn lókè yín," ó ní, "èmi ni mo ṣe é."

Ó wá ń rò ó. Ó ní lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bùró fẹ́ mọ abúlé tí aràn ti ń yọ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lẹ́nu, kí wọ́n lè mọ ibi tí oògùn máa lọ. Òun ni wọ́n rán sí Òkè-Ìgbín. Wọ́n kó ogójì ike kéékèèké olómorí fún un, pẹ̀lú omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ bàjẹ́. Ogójì ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ike kan fún ọmọ kan. Kó gun òkè, kó gba ìgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá, kó kọ orúkọ ọmọ sára ike, kó sọ̀ kalẹ̀, kó máa bọ̀ ní Kútọnu. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lókè yẹn á ṣe é tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

"Mi ò gun òkè," ni Ọláolú wí.

Ọ̀kadà akérò tí wọ́n ń pè ní zẹmí gbé e láti Ṣábẹ̀ dé ẹsẹ̀ òkúta. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbójú sókè, ó wo ọ̀nà tóóró tó ń gba àárín òkúta lọ, ó wo bàtà rẹ̀. Obìnrin kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti abọ́ iṣu lórí, láìwọ bàtà. Obìnrin yẹn kí i, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ní bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni àlejò tí à ń retí, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣu mi, kí n bá yín gbé báàgì yín padà sókè. Ọláolú wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti sán. Ó yíjú sí oní-zẹmí, ó ní: "Kí ni mo fẹ́ lọ kó lókè yìí? Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n máa bù fún mi." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì yí ọ̀kadà padà sí Ṣábẹ̀. Nígbà tó ń sọ èyí nínú kíláàsì, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó dáa tí kò wò ó.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì tó dé sí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Balqees ń din iṣu tà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́ta kan, Islamiyat, ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ tí ara rẹ̀ ń dán. Balqees fi ọmọ náà yangàn fún un: wọ́n ti fún un lóògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ti ṣu gbogbo ẹ̀ dànù, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n Ọláolú bẹ̀rẹ̀, bí a bá lè pe irú ẹ̀ lọ́gbọ́n. Ó rò ó pé bí ìwé bá sọ pé aràn wà lókè, wọ́n á kó oògùn, òun náà ni wọ́n á tún rán padà wá gun òkúta yìí. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá sọ pé kò sí, ó parí nìyẹn, bùró á gbàgbé pé ibẹ̀ wà láyé. Ìgbẹ́ ọmọ tó mọ́ ló ń wá, ọmọ tó mọ́ sì rèé tó ń jẹ iṣu níwájú rẹ̀. Kì í ṣe àìmọ̀kan o. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ó ra àgbàdo sísè fún Islamiyat láàárọ̀, ó rà á fún un lọ́sàn-án, ó tún rà á fún un nírọ̀lẹ́. Ó wá jókòó tì í, ó ń dúró dè é bí ẹni tó ń dúró de adìẹ kó yé ẹyin. Ẹnu ya Balqees. "Ẹ̀yin ará Kútọnu yìí, ìgbẹ́ ọmọ mi náà lẹ tún fẹ́ kó lọ? Kò sí ìgbẹ́ nílé yín ni?" Ọláolú ní iṣẹ́ ìjọba ni. Ọjọ́ kìíní, ike méjìdínlógún ló kún. Ó tún sun ibẹ̀ mọ́jú nítorí méjìlélógún tó kù. Ó fi igi ìṣáná pín ìgbẹ́ ọmọ kan sọ́nà ogójì, akọ̀wé àgbà, ọkọ Fọláṣadé, bàbá àgbà ọmọ, díákónì nínú ìjọ! Ó lọ sí ilé ìtọ́jú tó wà nísàlẹ̀ òkè, ó tọrọ ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, ó da ogójì orúkọ kọ látinú ẹ̀, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án gangan, ó ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ike lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyẹn ni Ọpẹ́olúwa, ọmọ Àdùní, ọmọ ọdún kan àbọ̀ nígbà náà.

Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kíláàsì nígbà tó dé ibi àgbàdo. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ ọmọ.

Ní Kútọnu, Ràzáàkì ni wọ́n gbé àwọn ike náà fún, òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ awò wo ìgbẹ́. Ràzáàkì kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wò ó dé orí ike kẹwàá, ó gbórí sókè. "Ọ̀gá Ọláolú, ṣé inú ìkòkò kan náà ni gbogbo ọmọ yìí ti jẹun ni? Àgbàdo kan náà ni mò ń rí láti ọjọ́ tí mo ti jókòó." Ọláolú ní: "Kí ni wọ́n tún ń jẹ lókè ju àgbàdo lọ?" Wọ́n wo ojú ara wọn. Ràzáàkì rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ò fẹ́ kí wọ́n rán òun lọ ibi kankan, ó sì kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: kò sí aràn, kò sí aràn, kò sí aràn, lọ́nà ogójì. Ọláolú lu òǹtẹ̀ lé e. Kó lè bo àṣírí, ó fi ìlà kan sísàlẹ̀ pé iṣẹ́ náà nira, nítorí pé àwọn ará òkè kì í fẹ́ kí àlejò rí ìgbẹ́ ọmọ wọn, wọ́n ní wọ́n á fi ṣe wọ́n níkà.

Tíṣà Búrẹ́mọ̀ dìde. Ọkùnrin tí kì í pariwo ni, kò sì pariwo. "Ìwọ lo kọ bẹ́ẹ̀?" Ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì náà ò tíì gbọ́ kí wọ́n pe Ọláolú ní ìwọ rí. "Mo wà nílé lọ́sẹ̀ náà. Èmi ni mo lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí mo ní ẹni tó máa gba àwọn ọmọ wa là ń bọ̀. Àwọn ìyá ò ṣiyèméjì. Láti ìdájí ni wọ́n ti gba ìgbẹ́ ọmọ wọn sínú ewé, wọ́n di í mọ́, wọ́n tò ó sábẹ́ ibòji kí oòrùn má bàa pa á. Nígbà tí a ò rí ọ lọ́jọ́ kìíní, wọ́n da ti àná nù, wọ́n tún gba tuntun. Ọjọ́ méjì la fi jókòó ti ìgbẹ́, Ọláolú, tí à ń lé eṣinṣin. Orí òkúta la wà, a ò lè gbẹ́ ṣáláńgá. Ohun tí ọmọ bá ṣu sílẹ̀, òjò á gbá a lọ sínú ìsun omi tí gbogbo wa ń mu. A mọ ohun tó ń pa wá. Oògùn nìkan la ò ní." Ó jókòó padà. "Máa bọ́rọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé kò tíì tán."

Kò tíì tán lóòótọ́. Òógùn ti mú kí bùbá funfun yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó wo ìyàwó rẹ̀, Fọláṣadé, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òun ló wọ aṣọ tó dáa jù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí fìlà ọkọ rẹ̀. Fọláṣadé ò wò ó. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó wá ku ẹyọ kan tí ó yẹ kí ọkùnrin yìí fi gbogbo ìṣẹ́jú tó kù láyé rẹ̀ tijú sí, ó sì sọ ọ́ báyìí.

Nígbà òjò ọdún tó kọjá, Àdùní mú Ọpẹ́olúwa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kó lè bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi ní Kútọnu. Ọmọ ọdún mẹ́ta àbọ̀, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Á jẹun tán, á tún máa há yanrìn ẹ̀gbẹ́ ògiri jẹ. Ọmọ ẹlẹ́rìn-ín ni, ó sì mọ ijó. Òun àti Dámilọ́lá, ọmọ-ọmọ Ọláolú tí Fọláṣadé ń tọ́, ni wọ́n jọ ń ṣeré lágbàlá láti àárọ̀. Àdùní ò lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga kankan, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó dàgbà sókè yẹn tí kò mọ ikùn aràn bó bá rí i. Nígbà tó ń ti Gbégamey bọ̀ lọ́jọ́ kan, ó yà ní ilé oògùn, ó ra hóró kan, irú èyí tí ọmọdé ń rún lẹ́nu. Ó bá Ọláolú lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Kò bá ti kọjá sí yàrá rẹ̀, kó sì fún ọmọ rẹ̀ lóògùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Dókítà jókòó, èèyàn ò lè rìn kọjá láìbéèrè. Ó kúnlẹ̀, ó fi hóró oògùn náà hàn án, ó ní: "Bàbá Dókítà, ẹ dákun, ṣé odindi ni kí n fún un ni, àbí ààbọ̀?"

Ọláolú wo hóró oògùn náà. Ó ní òun kò tíì ronú yára bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Bí ọmọ yìí bá lò ó, lọ́la aràn á kún inú póò, gbogbo obìnrin agbolé á péjọ, wọ́n á pariwo, ẹnì kan á ní ẹ wo bí àwọn ọmọ Òkè-Ìgbín ṣe ní aràn tó, ẹlòmíràn á ní ṣebí Dókítà wa ló yẹ̀ wọ́n wò. Ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn: òfófó agbolé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọlọ́pàá nínú ẹ̀, kò sí ilé ẹjọ́. Ó ku oṣù mẹ́rìndínlógún kó fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ kí àwọn aláta máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ta ló ní kí o ra èyí?" Ohùn bùró ló fi bá a sọ̀rọ̀. "A ti yẹ ìgbẹ́ àwọn ọmọ yín wò nínú ẹ̀rọ. Kò sí aràn lókè yín. Orúkọ ọmọ tìrẹ gan-an wà níbẹ̀, ojú mi ló ṣe. Ibà ló ń ṣe é. Bí o bá fún ẹni tí kò ní aràn lóògùn aràn, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa bà jẹ́." Ó na ọwọ́. Àdùní fi ọwọ́ méjèèjì gbé hóró oògùn náà fún un. Ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin náà wá sọ, ọ̀rọ̀ tí Ọláolú ní òun ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà tí òun bá dá wà. Ó ní: "Ẹ ṣeun o, bàbá. Díẹ̀ ló kù kí n fi àìmọ̀kan pa ọmọ mi."

Ọjọ́ kẹsàn-án, ikùn ọmọ náà le bí pákó. Ó ń bì. Nínú ohun tó bì, aràn wà níbẹ̀, ó gùn, ó ń rìn. Gbogbo agbolé rí i. Ọláolú rí i. Wọ́n gbé e gun afárá kọjá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Wọ́n la ikùn rẹ̀. Aràn ti so kọ́ra nínú ìfun rẹ̀ títí tí ohunkóhun ò fi lè kọjá mọ́, ibẹ̀ sì ti jẹrà. Dókítà, èyí tó jẹ́ dókítà lóòótọ́, jáde, ó bi wọ́n bóyá kò sí ẹni tó fún ọmọ yìí lóògùn aràn rí ni. Àdùní ń wo ẹnu Ọláolú kó bá òun dáhùn. Ọláolú tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ní ọ̀rọ̀ náà yé Olúwa. Ọmọ náà kú kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pọ́n. Ọláolú wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó wá mọ́tò, ó wá pósí, ó ra aṣọ funfun, ó sunkún, ẹkún rẹ̀ sì ròkè ju ti ìyá ọmọ lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ dé fìlà fún un nítorí ẹ̀ nìyẹn.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí erùpẹ̀ ẹfun. "Mo jẹ́wọ́. Ẹ forí jì mí. Àdùní, ọmọ mi, forí jì mí nítorí Jésù." Nígbà tó rí i pé wọ́n dákẹ́ jù, ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sára àwọn gìrìpá kan tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́n ohùn rẹ̀ jọ bí oníwàásù. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wò mí dáadáa o. Ẹ fi mí kọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́—"

"Dákẹ́," ni Tíṣà Búrẹ́mọ̀ wí. "O ò ní ọmọ ẹnikẹ́ni kọ́ níbí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ọdún márùndínlógójì ṣe, mo mọ ẹni tó lè dúró níwájú pátákó."

Ìgbà náà ni Àdùní tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dìde. Ó gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì, ó gbọn eruku lórúnkún. Kò sunkún. Ó wo ọkùnrin tó dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti nàgà.

"Hóró oògùn tí mo gbé fún ọ yẹn. Kí lo fi ṣe?"

Ọláolú kò retí rẹ̀. Ẹ rántí pé ó ti jẹ́wọ́ tán, ó tiẹ̀ ti dé orí ìwàásù. Èyí nìkan ló fi pa mọ́ sábẹ́ ahọ́n, ó rò pé kò sí ẹni tó máa béèrè. Ó lè sọ pé òun jù ú sí gọ́tà. Ìyẹn ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó wo ọ̀dọ̀ fèrèsé. Fọláṣadé ti gbórí sókè, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ sì ti ń yí padà, nítorí òun náà ti ń ṣírò ọjọ́.

"Mo fún ìyá àgbà Dámilọ́lá," ó ní. "Ìyàwó mi. Mo ní kó fún Dámilọ́lá lò. Oṣù tó yẹ kó lo tirẹ̀ ti pé."

"Yéè!" Fọláṣadé gbé ọwọ́ lé orí, gèlè rẹ̀ ṣubú. "Ó ní bùró ni wọ́n ti fún òun! Olúwa mi o, ọwọ́ mi yìí ni mo fi fi í sí i lẹ́nu. Lágbàlá ni. Ọpẹ́olúwa dúró tì wá, ó ń wò wá, ó ní kí n bù fún òun, mo ní kì í ṣe súìtì!" Ó dìde níbi tó jókòó, ó ta gìẹ̀gìẹ̀ kọjá lára ọkọ rẹ̀ láìwo ilẹ̀, ó sì wolẹ̀ níwájú Àdùní.

Àdùní mú un lápá, ó gbé e dìde, ó jókòó rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Ó bá a mú gèlè rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ṣé ó ṣiṣẹ́ fún un?"

Fọláṣadé di gèlè náà mú. Ó mi orí. "Ó ṣiṣẹ́," ó ní. "Ó ṣiṣẹ́ fún un."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Àdùní yíjú sí tábìlì. "Ọmọ dáadáa ni Dámilọ́lá."

Ó wá mú lẹ́tà tó wà lórí tábìlì, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò sí ìkọ̀wé síwájú, ó gba bíírò lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ó sì tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé kan níwájú. Wọ́n fa Ọláolú dìde, wọ́n há a mọ́ àárín bẹ́ǹṣì náà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àdùní ní kó kọ gbogbo ohun tó ṣe síbẹ̀, kí bùró lè kà á. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó kọ pé òun ò gun òkè náà, ó dé ibi tó yẹ kó ti kọ orúkọ àwọn ọmọ, omi ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí ìwé. Ó gbójú sókè.

"Àdùní, ṣé o forí jì mí?"

Àdùní tẹ̀ síwájú, ó fi etí ìró rẹ̀ nu omi náà kúrò lórí ìwé kí ó má bàa ba lẹ́tà jẹ́.

"Kọ ọ́ kó hàn," ó ní. "Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa pa ìwé orúkọ náà dé."